Ààwẹ̀ Nítorí Ìdánwò

"Àwọ̀ mélòó ló wà lára àsíá wọn?"

"Méjì, Màmá. Pupa àti funfun."

Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, fi èjìká di fóònù mọ́ etí, ó sì ṣí ojú ewé mìíràn nínú ìwé orí itan rẹ̀. Ní Lálúpọn níbí, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ rẹ̀ nìyí, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ bí ewé àgbàdo inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Kánádà lọ́hùn-ún, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí Akíntáyọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọlé ìdánwò tí wọ́n fi ń di ọmọ ìlú náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi. Ó ní bóun bá tún fìdí rẹmi lónìí, òun á palẹ̀ ẹrù òun mọ́, òun á máa bọ̀ nílé.

"Màmá, ọdún tí wọ́n dá Kánádà sílẹ̀ ń rú mi lójú. 1867 ni àbí 1876? Èyí tẹ́ ẹ bá sọ ni mo máa mú."

Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n ó bojú wo ìgò omi àdúrà tó wà lórí tábìlì.

"Màmá? Wọ́n ti ń pè wá o."

Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì kọ́ ìkankan nínú wọn ní irọ́ rí.

"1867 ni."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ má tíì ṣínu o, ààwẹ̀ yín ló gbé mi dúró."

Ìpè náà parí. Ó gbé ìgò omi àdúrà náà kúrò lórí bébà tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó gún régé bíi ti tíṣà: "Olúwa, má jẹ́ kí Akíntáyọ̀ yege."

Ó ya bébà náà sí méjì, ó ṣí ìgò, ó sì mu omi náà tán.