Orúkọ Tí Ẹnu Gbà

Ní ọ́fíìsì aṣojú Ilẹ̀ Ọba Ọ̀yọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi Fadérera Fátóyìnbó ni mo máa ń fún àwọn òyìnbó ní orúkọ tí ẹnu wa lè pè. Ẹni tí kò bá ní in kò lè rí ìwé ìwọlé gbà. Àwòrán adé ọba wọn wà lára ògiri lẹ́yìn mi, adé tí à ń bá wọn tọ́jú ní Ọ̀yọ́.

Láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan tó rí iṣẹ́ sí Ṣakí ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Geoffrey Thistlethwaite lorúkọ mi, mà."

Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n mi kọ̀. "Ìyẹn ti le jù. Báwo ni wọ́n ṣe bí ẹ?"

"Ọsibítù ni, mà."

"Mo ní, ṣé orí lo kọ́kọ́ mú wáyé, àbí ẹsẹ̀?"

Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn ẹ̀ sì ń gbọ́. Ẹsẹ̀ ni.

"Ìgè nìyẹn," ni mo wí. "Àmútọ̀runwá ni, èmi kọ́ ni mo sọ ẹ́."

"Bàbá mi ló sọ mí ní Geoffrey, mà."

"Bàbá bàbá mi náà lórúkọ. Nígbà tó dé ìlú yín, wọ́n ní Fátóyìnbó ti le jù, wọ́n bá ń pè é ní Sọ́ńdè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i."

Nọ́ọ̀sì náà mú bírò, ó kọ orúkọ tuntun náà sínú fọ́ọ̀mù: Ige.

Mo dá fọ́ọ̀mù náà padà fún un pé kó lọ fi àmì ohùn sórí orúkọ ẹ̀.