Ọṣẹ Tí Ambrose Fi Dí Kábúrétọ̀

Ambrose ọmọ Olúyọmí kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Àléébù kan tó ní ni pé kò lè jẹ eruku ẹlòmíràn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ọ̀nà ilẹ̀ pupa ló lọ láti Okitipupa sí Ìrẹ̀lẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ògbólógbòó kan ni Ambrose sì fi ń ná an. Bí ọkọ̀ mìíràn bá yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lọ́fun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Agatha, ìyá rẹ̀, opó ni. Òun nìkan ló kù fún Ambrose láyé, Ambrose nìkan ló sì kù fún un. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ni màmá máa ń jókòó sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Ìrẹ̀lẹ̀, nínú aṣọ àdúrà funfun, láìwọ bàtà. Bó bá ti jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ a máa dán bíi ti ìyàwó tuntun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Benedict, tí òun náà ń wakọ̀, yà wọ́n sílẹ̀ lórí òkè. Àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ yọrí síta, wọ́n ń kígbe pé, "Ambrose, sọ̀ kalẹ̀ kí o tì í!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Agatha náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì ní èrò búburú kankan. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ yẹn ló dun Ambrose jù.

Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ agbégilódò kan dojú dé nítòsí Iyansan, wọ́n sì ń tú u tà. Ambrose ra ẹ̀rọ kan tí àwọn awakọ̀ ń pè ní táábò lára rẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní í máa yí i, òun náà a sì máa ti atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá, kí agbára ọkọ̀ lè pọ̀ sí i. Ó gbé e lọ bá Vincent mekáníìkì.

Vincent wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ọkọ̀ ńlá tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ṣe èyí fún. Kábúrétọ̀ tó ń po pẹtiróòlù mọ́ atẹ́gùn ni tìrẹ ń lò. Ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú ni kábúrétọ̀, fúnra rẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn. Bí o bá ní o fẹ́ máa rọ ọ́, yóò bì í, pẹtiróòlù ni yóò sì bì."

"Ìwọ ṣáà bá mi dè é mọ́ ọn. Benedict ò tún ní yà mí sílẹ̀ mọ́."

Vincent rán an létí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀rín ni Ambrose fi í rín. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, Vincent ṣe iṣẹ́ náà. Lóòótọ́, ọkọ̀ ọ̀hún sáré bí ẹni pé ẹ̀mí mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí i wò, pẹtiróòlù ti ń sun jáde lára kábúrétọ̀.

Vincent ní, "Má gbé e jáde o. Mo ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ lọ wá ohun tí yóò dí i. Dúró dè mí."

Ambrose kò dúró. Gbogbo awakọ̀ agbègbè wa ló mọ̀ pé bí táǹkì bá ń jò, ọṣẹ ìfọṣọ la fi ń dí i, nítorí pẹtiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Ọgbọ́n táǹkì nìyẹn, torí pé ibi tútù ni táǹkì wà. Ambrose kò rò ó pé àárín ooru ni kábúrétọ̀ wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi òkúta tó ti ń fọṣọ.

"Iye, ẹ bun mi nínú ọṣẹ yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọma mi?"

"Mo fẹ́ fi tún ọkọ̀ ṣe ni."

Agatha fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ náà sí méjì, ó fún ọmọ rẹ̀ ní èyí tó tóbi. Ambrose fi dí ibi tó ń jò lára kábúrétọ̀, àwọn méjèèjì sì wọkọ̀, wọ́n kọrí sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi bá Benedict, wọ́n sì yà á sílẹ̀. Ambrose ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ọkọ̀ Benedict nínú dígí bí eruku ṣe ń bò ó.

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án. "Ọma mi, mo ń gbóòórùn pẹtiróòlù."

"Ọṣẹ yín wà níbẹ̀, Iye. Kò séwu."

"Dúró ná, jẹ́ ká wò ó."

"Ẹ jẹ́ ká gun òkè yìí tán."

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wọn kò gun òkè náà tán. Ọṣẹ ti yọ́, pẹtiróòlù dà sórí táábò tó ti gbóná, iná sì sọ. Ambrose fò sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Kí ó tó yí dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, aṣọ àdúrà ti gbiná. Benedict ló sáré dé, tó fi ọwọ́ lásán fa màmá jáde. Inú ọkọ̀ Benedict náà ni Agatha kú sí, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Ambrose kò sunkún. Àwọn ènìyàn ń kí i kú ìrọ́jú, ó ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, kò mọ ohun tó jẹ. Ó wo sàréè ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo ilẹ̀ oko. Vincent dé láti Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó lọ rà lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyókù ọṣẹ tí Agatha gé ṣì wà lórí òkúta. Obìnrin kan nínú ìjọ fẹ́ fi fọ aṣọ fún un, Ambrose ní kó fi í sílẹ̀. Òjò ló jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀.

Kò wakọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìrẹ̀lẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ń yà á sílẹ̀, eruku wọn ń bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kì í sì í yí ojú kúrò.

Ẹ̀yin èwe tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi Ambrose ṣe àríkọ́gbọ́n. Kò sí ẹni tí eruku pa rí nítorí pé ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní kí o dúró, dúró. Má sì rò pé ọgbọ́n tó gbà ọ́ níbìkan yóò gbà ọ́ níbi gbogbo. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí ìyá rẹ bá ní òun ń gbóòórùn ewu, má ṣe sọ fún un pé kí ẹ kọ́kọ́ gun òkè tán.