Orin Jẹ́jẹ́ Tó Pa Ìyá Ìyàwó Lẹ́kún

Onílù jókòó síwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ń retí èébú.

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ló ń lùlù fún, orin wọn dà bí ìgbà tí páànù orílé ń já lulẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, òwú ni ìyá yìí fi ń di etí. Kò ṣèèṣì yìn ín rí.

Orin wọn tuntun ń dún báyìí lórí fóònù rẹ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Màmá yọ òwú létí. Ó bú sẹ́kún.

"Àna àtàtà! Tún un gbé sí i, jàre."

Orí onílù wú. "Ibo ló dùn mọ́ yín jù, Mà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni! Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àyà mi ò já lẹ́ẹ̀kan."

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Mo sọ fún yín, Mọ́mì! Ọkọ mi mọ̀ ọ́n lù!"

Ara onílù kò gbà á mọ́.

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò lu nǹkan kan nínú èyí o. Ìta ni wọ́n ní kí n dúró sí títí wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀ tán."

Màmá nu ojú rẹ̀.

"Mo kúkú mọ̀, àna mi. Ṣebí ohun tí mò ń sunkún ayọ̀ sí nìyẹn."