Bàbá Fẹ̀yí Ṣì Ń Rò Ó

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa. Ọkùnrin kan ń gbé ní Ìkìrun, Adéjùwọ̀n lorúkọ rẹ̀, Bàbá Fẹ̀yí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Àìlèpinnu ni àléébù tirẹ̀. Bó bá fẹ́ ra bàtà, á rò ó títí oníbàtà á fi palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀. Àwọn ọmọ á mú ìyá tàbí bàbá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, arúgbó á kì wọ́n, á sọ ìtàn ìdílé, Bàbá Fẹ̀yí á sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo tó ní. Ó ń bẹ̀rù olè. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, òun àti Mojírádé ìyàwó rẹ̀ á gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sílé, wọ́n á tún gbé e padà láàárọ̀. Ẹ̀yìn ń ro obìnrin náà, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

"Bàbá Fẹ̀yí," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ ká kó àwọn ohùn yìí sí kíláòdù tí wọ́n ń sọ yẹn. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà á bá wa tọ́jú wọn sínú ẹ̀rọ tiwọn níbi tó jìnnà, àwa á sì máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́ wọn."

"Owó oṣooṣù wọn ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ńkọ́? Ṣé àjèjì ò ní máa gbọ́ àṣírí ilé onílé níbẹ̀?"

Mojírádé mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ òun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀dà kan síbẹ̀, ká fi ẹ̀dà kan sílé. Èyí tí kò yẹ kí àjèjì gbọ́, ẹ má fi síbẹ̀ rárá."

"Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn, Ìyá Fẹ̀yí. Jẹ́ kí n rò ó sí i."

Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ó ń rò ó. Òjò dé, ó ń rò ó. Bí ẹnì kan bá ní ó dára lónìí, tí ẹlòmíràn ní kò dára lọ́la, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mojírádé ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ló kù tó fẹ́ sọ? Ó kàn ń gbé ẹrù ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹsẹ̀ Bàbá Fẹ̀yí yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó balẹ̀ gbàá lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣogbo. Ó tú u, ó mi orí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kò sí ohùn kankan tó ṣeé yọ níbẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà, ọkùnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fẹ̀yí, ojú rẹ̀ wú. Ó ti mú ìyá rẹ̀ wá síbẹ̀ rí.

"Màmá ti lọ," ló wí. "Àná la sin wọ́n. Fóònù tí mo gba ohùn wọn sí ti sọnù, àmọ́ mi ò bẹ̀rù, mo mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń kì mí."

Mojírádé ló kúnlẹ̀, tó ṣàlàyé. Ọkùnrin náà ò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú wọn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ta ni yóò tún pè mí ní Àjàgbé?"

"Mo ṣì ń rò ó ni..." Bàbá Fẹ̀yí bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá Fẹ̀yí," ni Mojírádé wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, sísọ ọ̀rọ̀ yìí ti sú èmi náà, àmọ́ n ó tún un sọ. Ó dára kéèyàn ro nǹkan tinú tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àròjù náà ń ba nǹkan jẹ́. Kò sí ọ̀nà tí kò ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹ bá ti rí èyí tó sàn, ẹ gbà á, pàápàá bó bá jẹ́ pé ohun olóhun ló wà lọ́wọ́ yín. Mò ń lọ lónìí, mò ń lọ lọ́la, ni kì í jẹ́ kí àlejò gbin awùsá.