Bàálù Inú Pálọ̀

"Ẹ rọra gbé e," ni tíṣà fíṣíìsì wí fáwọn tó ń gbé bàálù onígi tó kàn fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì jáde ní pálọ̀ rẹ̀ n'Íléṣà, lọ́dún 1994. "Irú èyí làwọn òyìnbó ń ṣe kí ogun Hítílà tó dé. Wọ́n ní wọ́n gé apá òmíràn kúrú nítorí ẹnu ọ̀nà gáréèjì rẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n òyìnbó. Ṣé wọn ò lè fẹ ẹnu ọ̀nà ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó rẹ̀, tó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kàn án níta.

Bàálù há sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, kò gbà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún. Tíṣà wo ògiri. Baba onílé dúró síta, ó ń wo òun náà.

Ìyàwó rẹ̀ mú ayùn tó ti fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti àárọ̀.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ gbà."