Ohun Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

"Ẹ dúró ná, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì ìtẹ̀wé mi ní Ring Road.

Sódìq, ọmọṣẹ́ mi tó ń tẹ kàlẹ́ńdà, náà ti ra ìwé àkọsílẹ̀ tiẹ̀. "Ọ̀gá, àṣà yín yìí ti ràn mí o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé bí ìwé tèmi yìí bá sọnù pẹ́nrẹ́n, mo gbé.

Mi ò dá lọ sí ọjà Dùgbẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Akọ̀wé mi wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ká? Èmi àti ta ni?

Mo yára ṣí ìwé lábẹ́ tábìlì. Ọmọlará. Akọ̀wé. Ó máa ń tètè dé. Òun ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ dání.

"Ọmọlará, ọ̀rẹ́ mi, máa lọ. Àwọn ará ilé ẹ á ti máa retí ẹ."

Omi lé ròrò lójú ẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn dé kí Sódìq má baà gbọ́.

"Mo mọ̀ pé ẹ ní mi ò gbọdọ̀ pè yín ní Dádì níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Dádì, ilé kan náà là ń lọ."

Mo tún ṣí ìwé. Mo wá "ọmọ mi" títí. Kò sí níbẹ̀.

Mo mú bírò.

"Rọra tún un sọ," mo ní, "kí n kọ ọ́ sílẹ̀."