Ohun Tí Lọ́yà Olúyínká Sọ Nídìí Ẹja ní Aṣéjìrè

Ẹ má dá ìtàn yìí dúró lágbedeméjì o. Ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ sì fi han gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àṣírí ẹlòmíràn. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

1.
Ọdún 1984 ni Olúyínká, ọmọ Àpòmù, ṣí ọ́fíìsì lọ́yà sí Ìkirè. Ó mọ ìwé dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Láyé ìgbà náà, òfin kò gba lọ́yà láyè láti polówó ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí rédíò. Ẹnu oníbàárà nìkan ni sáìnbọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé iṣẹ́ gidi wá ni Alhaji Ràímì, tó ni iléeṣẹ́ ìlagi ńlá lójú ọ̀nà Àpòmù. Olúyínká kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa retí wọn. Tòun ti kóòtù dúdú lọ́rùn, ó wọ inú eruku pákó lọ bá wọn, ó jókòó lórí ìtì igi, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ jẹ dòdò, ó sì ń béèrè gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹnu ya Alhaji.

"Lọ́yà tí mo ní n'Íbàdàn kò mọ ọ̀nà ibí rí," ni wọ́n wí. "Láti òní lọ, ìwọ ni lọ́yà wa."

Láti mọ́sálááṣí dé ọjà kòkó, Alhaji ń ròyìn rẹ̀. Àwọn oníkọ́ńpìnnì mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá. Bí Iléyá bá sì ti dé, odidi itan àgbò á dé ilé Olúyínká, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ń lọ.

2.
Lọ́jọ́ kan, Alhaji wọ ọ́fíìsì Olúyínká, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Lọ́yà mi, Sàlámọ̀tù ìyàwó mi gan-an kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí."

Ilẹ̀ iléeṣẹ́ náà, bàbá wọn ló rà á lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní Àpòmù. Wọ́n bọwọ́, wọ́n pa obì, wọn kò kọ ìwé. Àgbàlagbà náà ti kú, àwọn ẹlẹ́rìí ti kú, àwọn ọmọ ẹbí náà kò sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bí olójúkòkòrò kan bá lọ ta wọ́n lólobó, ilẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ Alhaji.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni Olúyínká dáhùn. "Màá rọra máa bá olórí ẹbí wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi buwọ́ lùwé fún yín. Kó tó dìgbà yẹn, etí kejì kò ní gbọ́ ọ."

3.
Ní 1989, kọ́ńpìnnì ńlá kan láti Ìbàdàn ń wá lọ́yà, ó sì ń wá ilẹ̀ tí yóò fi ṣe iléeṣẹ́ epo ekùrọ́ lágbègbè náà. Ọ̀gá wọn, Akínṣọlá, pe Olúyínká wá jẹun ní Aṣéjìrè. Bó ti ń wẹ̀wù, Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ rọra sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ káwọn tó mọ̀ yín ròyìn yín. Ẹ má ròyìn ara yín o."

"Ṣé àwọn ará Ìbàdàn mọ Alhaji Ràímì ni?" ló fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ibi tí ìgbéraga ń mú ọmọ èèyàn dé. Nídìí ọbẹ̀ ẹja, Akínṣọlá béèrè irú iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Olúyínká gbé àyà sókè.

"Ṣé ẹ mọ iléeṣẹ́ ìlagi ọ̀nà Àpòmù yẹn? Èmi ni mo gbé e dúró, sà. Ilẹ̀ yẹn ò níwèé kankan. Bí kì í bá ṣe ọgbọ́n orí mi, wọn ì bá ti gbà á."

Akínṣọlá rọra yọ eegun ẹja lẹ́nu. "Ẹbí wo ló ni ilẹ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀?"

Olúyínká sì dárúkọ wọn.

4.
Òjò ọdún náà kò tíì dáwọ́ dúró tí àwọn awọnlẹ̀ fi wọ iléeṣẹ́ Alhaji. Ẹbí náà ti tún ilẹ̀ tà fún kọ́ńpìnnì. Ìwé kò sí, ẹlẹ́rìí kò sí. Alhaji dúró, wọ́n ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì ti ń tú ẹ̀rọ tí bàbá wọn fi ń la igi. Láti ibẹ̀, ọ́fíìsì Olúyínká ni wọ́n gbà lọ.

"Lọ́yà mi, èmi àti ìwọ nìkan la mọ̀ ọ́n."

Olúyínká kò lè gbójú sókè. Alhaji wò ó títí, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́." Wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ó sáré lọ bá Akínṣọlá n'Íbàdàn. "Sà, ó kéré tán, ẹ gbé iṣẹ́ yín fún mi."

"Lọ́yà, ẹ tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán yín fún wa, a ò tíì gbà yín síṣẹ́ pàápàá. Ta lẹ máa tú tiwa fún lọ́la?"

Akínṣọlá sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín rín láàárín àwọn oníkọ́ńpìnnì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ni àwọn oníbàárà bá ń wá gba fáìlì wọn níkọ̀ọ̀kan. Kó tó di 1992, ọ́fíìsì náà ti di ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

5.
Ẹnu kan ṣoṣo ni kò sọ ọ́, ẹnu Alhaji Ràímì. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú iléeṣẹ́ náà, Iléyá àkọ́kọ́ dé. Olúyínká kò retí nǹkan kan. Àfi bí Sàlámọ̀tù fúnra rẹ̀ ṣe gbé itan àgbò wọlé, bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Lọ́yà, Alhaji ní ẹ kú ọdún. Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, kí ló ṣe ilẹ̀ wa gan-an? Mo bi wọ́n títí, wọ́n ní kádàrá ni."

Ó wá yé Olúyínká wàyí. Ẹni tí òun tú àṣírí rẹ̀ ló ń bo òun láṣìírí, àní lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin náà. Morónkẹ́ ló gba àwo ẹran náà.

Ìwọ tó ń kà á, yálà lọ́yà ni ọ́ tàbí dókítà, tàbí ẹni tí ọ̀rẹ́ kan fọ̀rọ̀ sí létí, gbọ́ ìkìlọ̀ yìí: má fi àṣírí oníbàárà àná wá oníbàárà ọ̀la. Ẹni tó o sọ ọ́ fún kò ní gbà ọ́ gbọ́, ẹni tó ni àṣírí á sì ti lọ. Àìmẹ́nu mọ́, àìmétè mọ́, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.